Abọ́ ìrẹsì kan lóru: Toradora! àti àwọn tí ń pè é ní eré ọmọdé

Bí wọ́n bá dárúkọ eré anime tó dá lórí ìfẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín àwọn àgbà, ìdájọ́ kì í pẹ́ẹ́ dé. Ọ̀kan yóò ní kàtúùnù ọmọdé lásán ni. Èkejì yóò ní ìṣekúṣe ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kẹta, tí ó ka ara rẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé, yóò ṣàlàyé pé ọgbọ́n ìtajà ni: kí wọ́n ṣáà ti ya ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa bínú kí ó sì máa tijú, owó yóò wọlé. Ohun tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọn kò wo ohun tí wọ́n ń bú tán. Wọ́n rí àwòrán ara páálí, wọ́n sì ti mọ ohun tó wà nínú páálí.

Ẹ̀sùn náà kò kéré, nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní àsìkò tí àwọn òbí wọn kò bá wọn sọ ohunkóhun nípa ìfẹ́ ju “má ṣe” lọ. Bí ìrànù ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ gidi bá sì ni, ó yẹ kí àwọn tí ń bú u kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n wò ó. Kí àríyànjiyàn má baà máa fò nínú afẹ́fẹ́, ó dára kí a gbé ẹyọ kan kalẹ̀, kí a tú u palẹ̀. Toradora! ni.

Òǹkọ̀wé obìnrin kan, Yuyuko Takemiya, ló kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn àròsọ. Ìwé mẹ́wàá ni. Àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006, ìkẹwàá ní ọdún 2009. Ilé iṣẹ́ J.C.Staff ló sọ ọ́ di anime alápá 25, tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Japan láti oṣù kẹwàá ọdún 2008 títí di oṣù kẹta ọdún 2009. Tatsuyuki Nagai ló darí rẹ̀, Mari Okada ló sì ṣètò ìtàn náà fún eré. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn nígbà náà ń wò ó lónìí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ àpapọ̀ ọ̀rọ̀ méjì: tora ni ẹkùn ní èdè Japan (ẹkùn abilà ti ilẹ̀ Éṣíà ni o, kì í ṣe ẹkùn alámì tóótòòtó tí ìjálá ń kì), dora sì jẹ́ gígé kúrú dírágónì. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Taiga Aisaka, orúkọ tí ìró rẹ̀ jọ bí àwọn ará Japan ṣe ń pe orúkọ ẹkùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ ń jẹ́ Ryuji Takasu, ryu inú orúkọ rẹ̀ sì ni dírágónì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé àwọn ọmọ méjèèjì yìí kò ṣeé wò.

Bàbá Ryuji jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn Yakuza, kò sì sí nílé láti ìgbà tí ọmọ ti gbọ́njú. Ogún kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ni ojú: ojú líle, ojú ẹni tó lè fọ́ ìgò mọ́ ènìyàn lórí. Nítorí ojú yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì fi ń yà fún un lọ́nà, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ó tó lanu. Ìyá rẹ̀, Yasuko, ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí lóru, ìdájí ló ń wọlé. Ọmọ ló ń dáná, ọmọ ló ń fọṣọ, ọmọ ló ń fi igi tín-ín-rín tó fi aṣọ dì lórí yọ ìdọ̀tí kúrò ní kọ̀rọ̀ fèrèsé. Ní ti Taiga, ọmọ olówó ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó bàbá kò wọ̀, bàbá sì ra ilé ńlá kan fún un, ó fi í síbẹ̀ ní òun nìkan. Kò mọ oúnjẹ sè. Kò mọ aṣọ fọ̀. Ó kéré níye, ó burú ní ìbínú, wọ́n sì sọ ọ́ ní ẹkùn àtẹ́lẹwọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí eré yìí gbé kalẹ̀ ni ọjà tí àgbà ti kúrò níbẹ̀.

Àṣìṣe ló so wọ́n pọ̀. Taiga kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Yusaku Kitamura, ọ̀rẹ́ Ryuji, ṣùgbọ́n àpò Ryuji ló jù ú sí. Nígbà tó rí àṣìṣe rẹ̀, ó gbé idà onígi, ó já wọ ilé ọmọkùnrin náà láàárín òru láti fi ìlù mú un gbàgbé ohun tó rí. Wọ́n jà, wọ́n sáré yí ilé ká, títí Ryuji fi ráyè sọ fún un pé àpòòwé náà ṣófo: ó gbàgbé láti fi lẹ́tà sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ebi gbé ọmọbìnrin náà ṣubú lulẹ̀. Ryuji wọ ilé ìdáná, ó din ìrẹsì pẹ̀lú aáyù, ó gbé e fún un.

Níbí ni ó yẹ kí àwọn ẹlẹ́gàn dúró díẹ̀. Ryuji fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ẹlòmíràn, Minori Kushieda, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Taiga. Ó ti kọ ewì fún un, ó ti ṣa orin jọ fún un, ó tò wọ́n sínú àpótí, kò sì fún un ní ẹyọ kan rí. Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìfẹ́ wà nínú àpótí yẹn àti nínú àpòòwé òfìfo yẹn. Ohun tó sì dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀ lóru ọjọ́ náà ni ìrẹsì gbígbóná. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ro ìfẹ́ níbẹ̀, nítorí àdéhùn tí wọ́n bá ara wọn ṣe ni pé kí Ryuji ran Taiga lọ́wọ́ kí ó rí Kitamura fẹ́, kí Taiga sì ran Ryuji lọ́wọ́ lórí Minori. Láti inú àdéhùn asínwín yìí ni gbogbo ẹ̀rín inú eré náà ti ń jáde, ẹ̀rín náà sì pọ̀.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Láti ọjọ́ náà lọ, Taiga di ẹni tí ń jẹun nílé àwọn Takasu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá, ọmọ àti àlejò a jókòó yí tábìlì kúkurú ká, wọn a máa jà lórí ẹran. Ryuji a máa di oúnjẹ ọ̀sán sínú abọ́ fún un, a máa jí i kí ó má baà pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá sọ pé ìṣekúṣe ni irú eré yìí fi ń fa ọ̀dọ́, kí ó ka iye ìgbà tí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu nínú apá 25 náà, kí ó sì ka iye ìgbà tí wọ́n jẹun. Ìtàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí àwọn méjèèjì tó fẹnu kanra. Oúnjẹ kò dúró dìgbà náà. Nígbà tí àwọn tó ṣe eré náà sì tún fẹ́ fi apá kékeré kan kún un ní ọdún 2011, kì í ṣe orí ìfẹnukonu ni wọ́n gbé e lé. Orí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán ni. Wọ́n mọ ohun tí àwọn olùwòran wọn ń wá.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tún wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ olùwòran ń fojú fò. Ilé gíga olówó tí Taiga ń gbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí àwọn Takasu háyà, fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Kí wọ́n tó kọ́ ilé gíga náà, oòrùn ń wọ yàrá Ryuji. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán, òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló kù fún àwọn aládùúgbò. Èèyàn lè rò pé níbi tí ilé yìí ti gba oòrùn lọ, níbẹ̀ ni ayọ̀ wà. Ọjọ́ tí Ryuji wọ inú rẹ̀, òórùn ibi ìfọbọ́ ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀: abọ́ jọ gègèrè, oúnjẹ ti bu, ọmọ sì sùn sáàárín yàrá ńlá bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Takemiya kò ṣe ìwàásù kankan nípa olówó àti tálákà. Ó kàn jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n dí oòrùn mọ́ lójú wá fọ abọ́ fún ọmọ tí wọ́n kọ́ ilé fún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ẹlẹ́gàn nìkan ló ṣi eré yìí gbọ́. Àwọn kan tó fẹ́ràn rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọjà orí àtẹ ni. Wọ́n ní orúkọ kan fún irú ọmọbìnrin bí Taiga, tsundere, ìyẹn ẹni tí ń gbé ojú líle bo ìfẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n jọ láti eré kan dé èkejì bí ẹni ń ka iṣu: eléyìí pariwo jù, tọ̀hún tijú jù. Lójú wọn, adùn eré náà ni pé ọmọbìnrin ń gbá ọmọkùnrin létí, lẹ́yìn náà ó ń tijú. Àwọn wọ̀nyí ló fi ohun ìjà lé ẹlẹ́gàn lọ́wọ́. Ní ti ìgbátí àti ìtapá náà, kò sí àwáwí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni wá. Ká ní ọmọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọbìnrin, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, àbùkù gidi sì ni fún eré tó mọ nǹkan tó báyìí nípa ìrora. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe eré náà kò fi ìbínú Taiga ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ní alẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, Taiga dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó wáyà lójú títì, ó ń ta á nípàá, ó ń kígbe pé kò sí ẹni tó lóye òun. Ryuji kò bá a wí, kò fà á lọ́wọ́. Ó bá a ta òpó náà. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún nítorí ojú rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún nítorí ìbínú rẹ̀.

Ibi tí eré yìí ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá Taiga. Àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wọn ń bọ̀ lọ́nà, bàbá náà sì yọjú lójijì. Ó ní òun ti fẹ́ kọ ìyàwó òun sílẹ̀, ó ní kí ọmọ òun wá bá òun gbé, ó ṣèlérí pé òun yóò wá wo eré tí ọmọ òun yóò ṣe. Taiga kò fẹ́ gbọ́. Ta ló wá rọ̀ ọ́? Ryuji ni. Ọmọ tí kò ní bàbá rí ló ń bínú sí ọmọ tó ní bàbá tí kò fẹ́ gbà á. Ó fi ìpòǹgbẹ ọkàn ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́ fún ẹlòmíràn. Minori, tó mọ ohun tí bàbá kan náà ti fi ojú Taiga rí tẹ́lẹ̀, kìlọ̀ fún un, ó bi í bóyá ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Àwọn méjèèjì jà. Ọjọ́ àjọ̀dún pé, bàbá kò dé. Ọ̀rọ̀ kan ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù pé iṣẹ́ ò gba òun láyè, ọmọ rẹ̀ sì dúró lórí pèpéle níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tirẹ̀ kan nínú èrò.

Kí ẹlẹ́gàn wá sọ ibi tí ìranù wà nínú èyí. Àìmọye eré àgbà ló wà tí ẹni rere inú rẹ̀ kì í ṣi ọ̀nà, tí ẹni ibi sì ń wọ aṣọ dúdú kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀. Níbí, ọmọ rere ló ṣe ibi, pẹ̀lú ọkàn mímọ́, nítorí pé kò béèrè kí ó tó gbani nímọ̀ràn. Ìyá àti bàbá mélòó ló ti fi irú ọkàn mímọ́ bẹ́ẹ̀ ti ọmọ padà sọ́wọ́ ẹni tó ń pa á lára, nítorí pé “bàbá rẹ ṣáà ni”? Ọ̀rọ̀ tí àwọn alàgbà ń yẹ̀ sílẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí ni eré tí wọ́n ní ó wà fún ọmọdé gbé sáàárín gbọ̀ngàn. Ohun tí Ryuji sì fi tún un ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Eré ìje kan wà tí ẹni tó bá borí nínú rẹ̀ ni yóò gbé adé fún Taiga. Ryuji sáré náà bí ẹni tí iná ń lé, Minori tó ń bá a jà sì bá a sáré, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Minori yìí ni ọ̀pọ̀ olùwòran ń pè ní ẹni tó ń dí ìtàn lọ́wọ́. Wọn kò ṣe òótọ́ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, Taiga wà nílé ní òun nìkan lẹ́yìn tó ti ṣètò kí Ryuji lè bá Minori pàdé. Ryuji wọ aṣọ béárì wá kí i, kí ó má baà dá nìkan ṣe ọdún. Wọ́n jó, wọ́n rẹ́rìn-ín, Taiga sì lé e jáde pé kí ó lọ bá Minori kí ó tó pẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé ló tó mọ̀. Ó sáré jáde lójú ọ̀nà nínú òtútù láìwọ bàtà, ó ń ké orúkọ Ryuji, ọmọkùnrin náà sì ti lọ. Minori ló wà nítòsí tó rí i. Òun náà fẹ́ràn Ryuji. Ó lọ bá a, ó sì kọ̀ ọ́ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn pé kò yẹ kí ó fi ọkàn ara rẹ̀ ṣe ẹbọ fún ọ̀rẹ́. Eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́ kí Ami Kawashima, ọmọbìnrin arẹwà tí ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn oge, sọ ọ́ sí i lójú láìfi oyin sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá wo èyí ti rí i pé ìfẹ́ lè jẹ́ ìmọ̀, àti pé ẹni tó mọ̀ lè jìyà nítorí ohun tó mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní ọgbọ́n ìtajà ló mú kí àwọn ènìyàn sunkún níbẹ̀, kí ó lọ ta irú rẹ̀ kí ayé wò ó.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ ló kù: pé irú eré báyìí ń kọ́ ọmọ láti sá fún òbí. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe déédéé ọ̀rọ̀, nítorí pé sísá náà wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Lọ́wọ́ òpin ìtàn, ìyá Taiga wá láti mú un lọ. Yasuko ní dandan Ryuji gbọ́dọ̀ lọ sí yunifásítì; ó ti fi iṣẹ́ ọ̀sán kún ti òru nítorí rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀; Ryuji ní iṣẹ́ ni òun fẹ́ ṣe. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì wá pinnu pé àwọn yóò jọ sá lọ, àwọn yóò fẹ́ ara wọn. Ibo ni wọ́n wá sá lọ? Ilé àwọn òbí Yasuko, bàbá àgbà àti ìyá àgbà tí Ryuji kò rí rí láyé rẹ̀. Yasuko fúnra rẹ̀ lóyún nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sá kúrò nílé, kò sì padà síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ryuji fi ọgbọ́n pe ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀, ìyá àti òbí rẹ̀ sì rí ojú ara wọn lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Àwọn ọmọ tó ní àwọn ń sá lọ ló mú ẹni tó sá lọ padà wálé.

Lẹ́yìn èyí ni Taiga ṣe ohun tó ń bí àwọn olólùfẹ́ eré náà nínú títí dòní. Ó lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkàn ara wọn ni, ọ̀nà sì là, ṣùgbọ́n ó gbéra, ó lọ bá ìyá rẹ̀ gbé, ìyá tí òun àti ẹ̀ kì í gbọ́ra yé, láti lọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Àwọn kan ní ó ba adùn ìtàn jẹ́, pé ìdágbére kò pọn dandan, pé kí wọ́n ṣáà ti fi wọ́n sílẹ̀ sínú ilé kan náà pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì wọn. Wọ́n gbàgbé bí ó ṣe dé ilé yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ebi ló gbé e wá, kò sì sí ibòmíràn tó lè lọ. Ẹni tí kò ní ibòmíràn kò tíì yan ibi tó wà. Nínú anime náà, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìjáde nílé ẹ̀kọ́ ló padà, kò sì sí ẹni tó lé e wá lọ́jọ́ náà.